Iwin Rose Hall àti Àwọn Òkú Tí A Kò Dárúkọ

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Àwọn àgbà ni ó pa òwe yìí, kò sì sí ibi tí ó ti wúlò tó ibi tí a bá ti ń sọ ìtàn ilé àtijọ́. Ilé tí a kọ́ láti fi agbára hàn, tí àwọn tí ó kọ́ ọ sì ti kú tàbí tí wọ́n ti kó lọ, kì í pẹ́ kí ó tó di ilé iwin lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ta ni kò tí ì gbọ́ nípa ilé ajẹ́lẹ̀ kan lórí òkè, tí wọ́n ní òyìnbó tí ó gbé inú rẹ̀ ṣì ń fi bàtà rìn lórí pákó lóru? A máa ń rẹ́rìn-ín sí i, a máa ń bẹ̀rù díẹ̀, a sì máa ń gbàgbé. Síbẹ̀, ìtàn iwin kì í ṣe ohun tí òpìtàn gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò. Òkú tí wọ́n ní ó ń rìn lóru ń fi hàn wá ẹni tí àwọn alààyè yàn láti rántí. Bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, ó tún ń fi hàn wá àwọn tí wọ́n yàn láti gbàgbé.

Ilé tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ wà ní erékùṣù Jàmáíkà. Rose Hall ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní àgbègbè St James, ní etíkun àríwá, ní apá ìlà-oòrùn ìlú Montego Bay. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, lórí òkè kékeré kan tí ó kọjú sí òkun. John Palmer, olóko ìrèké àti ọ̀kan lára àwọn aláṣẹ àgbègbè náà, ni ó kọ́ ọ láàrin 1770 sí 1780. Orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rosa, ni ilé náà sì ń jẹ́. Ní àkókò yẹn, ṣúgà ni wúrà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Jàmáíkà. Owó ìrèké ni ó kọ́ ilé náà, àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí a kó lẹ́rú ni ó sì gbin ìrèké, tí wọ́n gé e, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì sè é di ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Ìtàn tí a ń sọ nípa ilé náà nìyí. Wọ́n ní obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Annie Palmer, arẹwà obìnrin, kúkurú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ le ju òkúta lọ. Ilẹ̀ Haiti ni ó ti dàgbà. Ibẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ kú sí, obìnrin adúláwọ̀ kan tí ó mọ oògùn ni ó sì tọ́ ọ, tí ó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí ó mọ̀. Nígbà tí Annie dé Jàmáíkà, ó fẹ́ olówó Rose Hall. Kò pẹ́ tí ó fi májèlé pa á. Ó fẹ́ ọkọ kejì, ó gún un lọ́bẹ. Ó fẹ́ ẹ̀kẹta, ó yí i lọ́rùn pa. Ó ń mú lára àwọn ẹrúkùnrin rẹ̀ ṣe àlè, nígbà tí wọ́n bá sì ti sú u, yóò pa wọ́n. Láràárọ̀ ni ó máa ń dúró lókè ilé, tí yóò máa pàṣẹ ẹni tí a ó nà lọ́jọ́ náà. Níkẹyìn, ó fi èèdì pa ọmọbìnrin kan tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń fẹ́ ọkùnrin kan náà. Bàbá ìyá ọmọ náà, Takoo, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn, kò gbà. Ní 1831, nígbà tí àwọn ẹrú dìde, ó wọ ilé náà lóru, ó sì fún Annie lọ́rùn pa. Wọ́n sin ín sí ẹ̀bá ilé. Wọ́n ya àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ibojì rẹ̀ kí ó má baà lè jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kẹrin kò ní. Ibẹ̀ ni duppy rẹ̀ ń gbà jáde, nítorí duppy ni àwọn ará Jàmáíkà ń pe iwin.

Orúkọ tí ìtàn náà sọ Annie ni àjẹ́ funfun Rose Hall. Orúkọ yìí yóò ṣe àjèjì sí etí Yorùbá. Bí a bá sọ níbí pé àjẹ́ ẹnì kan funfun, ohun tí a ń sọ ni pé ó ń fi agbára rẹ̀ ṣe rere, pé ó ń dáàbò bo ọmọ ilé rẹ̀. Ní Rose Hall, awọ ara ni funfun náà ń tọ́ka sí. Ohun tí ó ya àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà lẹ́nu ni pé òyìnbó lè ṣe àjẹ́. Ìyàlẹ́nu wọn yìí ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi àkọsílẹ̀ léèrè.

Àkọsílẹ̀ kò gbè fún ìtàn yìí. Obìnrin tí ó fẹ́ ọkọ púpọ̀ ní Rose Hall wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Annie. Rosa ni. Rosa Kelly fẹ́ ọkọ àkọ́kọ́ ní 1746. Ọkùnrin náà kò pẹ́ láyé. Ó tún fẹ́ méjì mìíràn, wọ́n kú, kí ó tó wá fẹ́ John Palmer ní 1767. Mẹ́rin ni gbogbo ọkọ rẹ̀. Ní erékùṣù tí ibà ń pa òyìnbó bí ẹni pa eṣinṣin, kò sí ohun àràmàǹdà nínú kí obìnrin kan sin ọkọ mẹ́ta. Rosa àti Palmer gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, Rosa ni ó sì kọ́kọ́ kú, ní 1790. Ère ìrántí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ John Bacon, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére Lọ́ńdọ̀nù, wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì àgbègbè náà ní Montego Bay. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn rí ìlà díẹ̀ ní ọrùn ère náà, kíá ni wọ́n ti pè é ní àpá okùn tí a fi fún Annie pa. Òkúta tí ó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí Annie tó lọ́kọ ni ó wá di ẹlẹ́rìí ikú Annie.

Annie ńkọ́? Annie Mary Paterson wà láyé lóòótọ́. Ní 1820 ni ó fẹ́ John Rose Palmer, ìbátan John Palmer tí ogún Rose Hall kàn. Ọkọ kan ṣoṣo yìí ni àwọn àkọsílẹ̀ ìgbà náà mọ̀ ọ́n mọ́. John Rose Palmer kú ní 1827, ohun tí ó sì fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ni gbèsè. Ní 1830 Annie ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú ogún náà ní £200. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹrú dìde ní òpin ọdún 1831, Annie ti jáwọ́ nínú ọ̀ràn Rose Hall. Ní 1846 ni ó tó kú, wọ́n sì sin ín sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ní Montego Bay. Ibojì tí a ń fi han àlejò ní Rose Hall kì í ṣe tirẹ̀.

Báwo wá ni opó onígbèsè ṣe di àjẹ́ tí ó pa ọkọ mẹ́ta? Díẹ̀díẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí àwọn Palmer kúrò níbẹ̀, ilé náà ṣófo. Hope Waddell, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà kí ó tó kọjá sí Calabar ní 1846, mẹ́nu ba Rose Hall nínú ìwé ìrántí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní 1863. Waddell yìí kan náà ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ olókìkí tí ó wà ní Calabar. Ilé ńlá tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, tí ìròyìn burúkú sì rọ̀ mọ́, ni Rose Hall ti jẹ́ nígbà náà. Ní 1868, James Castello, oníwèé ìròyìn ní ìlú Falmouth, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí ìyáàfin burúkú Rose Hall àti àwọn ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀ràn Rosa àti ti Annie ti lọ́ mọ́ra wọn: ọkọ púpọ̀ ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan wá, ọjọ́ orí àti orúkọ ti ọ̀dọ̀ èkejì wá, ìwà ìkà sì ti ọ̀dọ̀ gbogbo ilé olóko ìrèké wá.

Ẹni tí ó fi ìdí ìtàn náà múlẹ̀ ni Herbert de Lisser, olóòtú ìwé ìròyìn Gleaner, tí ó kọ ìtàn àròsọ kan lórí àjẹ́ funfun Rose Hall ní 1929. Nínú ìwé yẹn ni Takoo àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti jáde gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jàmáíkà ṣe mọ̀ wọ́n lónìí. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó hun ìtàn. Ṣùgbọ́n ìwé náà jáde kúrò lórí pẹpẹ, ó bọ́ sẹ́nu àwọn ènìyàn, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá sì tún sọ ọ́, yóò ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà òun ni òun ti gbọ́ ọ. Ní 1965, Geoffrey Yates, òṣìṣẹ́ ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba Jàmáíkà, kó ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìhágún àti ìwé gbèsè jáde, ó sì fi hàn pé ìtàn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kà á, wọ́n gbà. Ìtàn náà kò kú. Ní àwọn ọdún yẹn gan-an ni John Rollins, ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà, ra ilé tí ó ti di àlàpà náà, tí ó tún un ṣe, tí ó sì ṣí i fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn àlejò ti ń sanwó láti rí yàrá tí wọ́n ní ọkọ kìíní kú sí, èyí tí wọ́n ní èkejì kú sí, àti èyí tí wọ́n ní ẹ̀kẹta kú sí. Nísàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ túbú àwọn ẹrú, ilé ọtí ni wọ́n ṣe sí i.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ nísàlẹ̀ ilé yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti dùn mí jù. Ẹnì kan lè wí pé kí ni ó burú nínú ìtàn iwin. Ṣé kò mú owó wọlé fún Jàmáíkà, tí ó sì ń dá àwọn ọmọdé lára yá? N kò bínú sí eré. Ohun tí mo ń bi ni pé: nínú ilé tí adúláwọ̀ ti jìyà tí wọ́n sì ti kú fún ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéṣe tí iwin kan ṣoṣo tí ó ní orúkọ fi jẹ́ ti òyìnbó?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìtàn náà ṣe fún àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó kó gbogbo ìwà ìkà oko ẹrú lé orí obìnrin kan. Bí Annie bá jẹ́ àjẹ́, a jẹ́ pé àwọn olóko yòókù kì í ṣe àjẹ́. Bí ó bá jẹ́ èébú láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọlúwàbí. Òfin tí ó gba kí a na ènìyàn ní pàṣán, ilé ìfowópamọ́ tí ó gba ènìyàn ní ohun ìdógò, oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù tí ó ta ṣúgà, gbogbo wọn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Wàyí o, ibo ni ìtàn náà wí pé Annie ti kọ́ ìkà? Lọ́wọ́ obìnrin adúláwọ̀ ni, ní Haiti, ilẹ̀ tí àwọn ẹrú ti gba òmìnira fúnra wọn tí wọ́n sì dá ìjọba tiwọn sílẹ̀ ní 1804. Kò sí orúkọ tí ó ba olóko ìrèké lẹ́rù ju Haiti lọ. Nítorí náà, àní nígbà tí òyìnbó bá di ìkà nínú ìtàn yìí, adúláwọ̀ ni a ní ó kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àjẹ́ funfun fi ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé dúdú ni àwọ̀ àjẹ́.

Síbẹ̀, n kò ní da ọmọ nù pẹ̀lú omi ìwẹ̀ rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu lè ṣi orúkọ mú kí ó má sì ṣi ìrora mú. Àwọn adúláwọ̀ St James tí wọ́n wo ilé òkè náà tí wọ́n sì wí pé ohun burúkú ń gbé ibẹ̀ kò parọ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀ràn ọdún 1831 tí ìtàn náà fi ṣe ẹ̀yìn ìbùsùn Annie tóbi ju ikú obìnrin kan lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún náà, iná sọ lórí òkè ní oko Kensington, ní St James kan náà. Samuel Sharpe, ẹrú tí ó jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́ pé lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣiṣẹ́ mọ́ láìgba owó. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ni ó ní lọ́kàn. Ogun ni ó dà. Òyìnbó bí mẹ́rìnlá ni ó kú. Àwọn ẹrú tí ìjọba pa lẹ́yìn ìdájọ́ nìkan lé ní 300. Sharpe fúnra rẹ̀, igi ni wọ́n so ó kọ́ ní Montego Bay ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1832. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú. Wọ́n san £20,000,000 gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú. Àwọn olówó ẹrú ni wọ́n san án fún. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀.

Takoo inú ìwé pa obìnrin kan nítorí ọ̀ràn ìfẹ́. Sharpe tí ó wà láyé lóòótọ́ gbé odidi erékùṣù kan mì nítorí owó iṣẹ́ àti òmìnira. Nínú àwọn méjèèjì, Takoo ni àlejò Rose Hall máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ jù.

Àwọn Yorùbá ní ìdí láti tẹ́tí sí ọ̀ràn yìí. Kì í ṣe pé mo ń sọ pé àwọn ènìyàn wa ni wọ́n pọ̀ jù ní oko Palmer. Oríṣiríṣi ẹ̀yà Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí Jàmáíkà, àwọn ará Gold Coast àti Ìgbò sì pọ̀ níbẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun wá sí Jàmáíkà láti ṣiṣẹ́, Yorùbá sì wà nínú wọn. Nago ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Westmoreland, wọ́n sọ ibùdó wọn ní Abẹ́òkúta. Ní Hanover, tí ó bá St James pààlà, àwọn ọmọ wọn di ẹgbẹ́ kan mú tí a ń pè ní Ettu. Etí Yorùbá kò lè gbọ́ orúkọ yìí kí ó má rántí ètùtù. Àwọn Ettu máa ń se àsè fún òkú ìdílé wọn: wọ́n á lu ìlù tí ó ní agolo kẹrosíìnì nínú, wọ́n á jó, wọ́n á fún àwọn baba ńlá ní oúnjẹ.

Ẹ ò rí i pé oríṣi òkú méjì ni ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Jàmáíkà. Ọ̀kan ni òkú tí ó ní ìdílé, tí a ń pè lórúkọ, tí a ń fún lóúnjẹ, tí kò sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn: òkú tí a sin dáadáa, tí ọmọ rẹ̀ ń rántí, ti di ará ọ̀run, ojú rẹ̀ ni a sì ń fẹ́ rí nígbà tí Egúngún bá jáde. Èkejì ni òkú tí kò ní ẹni tí yóò ké pè é, tí ó di ẹrù-jẹ̀jẹ̀ nínú ilé àlejò. Annie Palmer wà nínú irú kejì yìí, láìtọ́ sí i. Àwọn ẹrú Rose Hall kò sí nínú ọ̀kankan. Wọn kò di ará ọ̀run tí a ń kí. Wọn kò tilẹ̀ di iwin tí a ń bẹ̀rù.

Orúkọ wọn kò sì sọnù. Láti 1817, òfin mú un ní dandan fún olówó ẹrú ní Jàmáíkà láti kọ orúkọ gbogbo ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, àwọ̀ wọn, àti bóyá Áfíríkà ni a ti bí wọn tàbí erékùṣù náà. Lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n tún ń kọ iye tí a bí àti iye tí ó kú. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ yìí, ti Rose Hall wà níbẹ̀. Celia Naylor, onímọ̀ ìtàn ará Amẹ́ríkà, lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 2022, nínú èyí tí ó ti fi àwọn ènìyàn tí a kó lẹ́rú ní Rose Hall sí ipò tí Annie ti ń gbà lọ́wọ́ wọn. Kò sí àjẹ́ nínú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìyá àti ọmọ ni ó wà níbẹ̀, àti arúgbó tí wọ́n kọ Áfíríkà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Orúkọ òyìnbó tí olówó sọ wọ́n ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ nínú ìwé yẹn, a kò sì lè mọ èyí tí ìyá wọn pè wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ. Èyí tí ó kù náà tó pè. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá dé Rose Hall lọ́jọ́ kan, tí atọ́nà sì mú un wọ yàrá ọkọ kìíní, èkejì àti ẹ̀kẹta, kí ó fi sùúrù gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà kí ó béèrè ibi tí wọ́n sin àwọn tí ó gé ìrèké sí. Ìbéèrè àlejò kì í ṣe àfojúdi. Àwọn àgbà ilé ni yóò mọ bí wọn yóò ṣe dáhùn.